Sípíríǹgì tó kúrú: mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀ nílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọlọ́kọ̀Pupa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ra sípíríǹgì mẹ́rin tó kúrú fún ọkọ̀ mi. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ yóò wálẹ̀ ní mìlímítà 35 níwájú àti 30 lẹ́yìn. Ọkọ̀ kékeré ni, táyà iwájú ló ń fà á. Níwájú, ara ṣọ́ọ̀kì ni sípíríǹgì wà. Lẹ́yìn, ọ̀tọ̀ ni sípíríǹgì, ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀kì. Mo ní jáàkì, sítáǹdì mẹ́rin, sípánà lóríṣiríṣi, àti ilẹ̀ oníkọnkéré tó tẹ́jú dáadáa. Mo ti pààrọ̀ páàdì bíréèkì àti línkéèjì rí, àmọ́ mi ò tíì fọwọ́ kan sípíríǹgì. Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó tú bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́? Ṣé dandan sì ni kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ ọn?

IléSípánà:
Ẹni tó bá ti tú línkéèjì rí lè ṣe iṣẹ́ yìí, kò ju agbára rẹ lọ. Ẹ̀yìn rọrùn, iwájú ló gba sùúrù. Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó lè ṣe èèyàn léṣe, torí ọ̀pọ̀ ló ń fojú kéré rẹ̀: sípíríǹgì tí a fún pọ̀.

Ká ní sípíríǹgì iwájú rẹ ń gba agbára 25 N (níútọ̀n, òṣùwọ̀n agbára) kó tó wọlé ní mìlímítà kan. Bí o bá fún un wọlé ní mìlímítà 120 kí máúǹtìn (ìdérí tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀) lè kúrò lórí rẹ̀, 3,000 N ló há sínú rẹ̀ yẹn, bí ẹni pé ẹrù tó wúwo tó 300 kg ló jókòó lé e. Bí ìkọ́ irin tó fún un pọ̀ bá yọ̀, gbogbo agbára yẹn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó bá sì bá lọ́nà ló máa gbá.

Nítorí náà, irin ìfún-sípíríǹgì méjì ni kó o lò, kí wọ́n dojú kọ ara wọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Jẹ́ kí ìkọ́ wọn di òrùka sípíríǹgì tó pọ̀ mú, kì í ṣe méjì péré láàárín. Fi gíríìsì pa ìlà sukúrúù rẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Sípánà ọwọ́ ni kó o fi yí i: yí ọ̀kan díẹ̀, bọ́ sórí èkejì, yí ìyẹn náà díẹ̀, kí wọ́n jọ máa wọlé. Bí ọ̀kan bá ṣáájú, sípíríǹgì á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìkọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìbọn tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ kan irin yìí rárá, ó ń jẹ ìlà sukúrúù rẹ̀, o ò sì ní mọ̀ títí tó fi máa já.

Má ṣe dúró sí ọ̀kánkán orí tàbí ìdí sípíríǹgì. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o ti máa ṣiṣẹ́. Má fún un pọ̀ sílẹ̀ kó o lọ jẹun tàbí kó o lọ sùn. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Fi ọwọ́ di ìjókòó sípíríǹgì mú, kó o gbìyànjú láti yí i. Bó bá ń yí fàlàlà láàárín ìka rẹ, agbára ti kúrò lórí nọ́ọ̀tì àárín, èyí tó wà lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, nìyẹn. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì yẹn kò ṣeé tú.

TáyàMẹ́rin:
Àfikún. Bí o bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, wàá rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó yí orí ṣọ́ọ̀kì ká (ti ọkọ̀ mìíràn jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin), wàá sì rí ọ̀kan láàárín. Àwọn tó yí i ká ló so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀. Ti àárín ló dá sípíríǹgì dúró sábẹ́ máúǹtìn. Má yọ ti àárín nígbà tí sípíríǹgì ṣì ní agbára. Àmọ́ èmi máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, torí pé bí ṣọ́ọ̀kì bá ti jáde tán, ọ̀pá rẹ̀ máa ń bá nọ́ọ̀tì yí ni.

IléSípánà:
Mo gbà pé kéèyàn dẹ̀ ẹ́, bí kò bá ju ìdá mẹ́rin àyíká kan lọ. Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn kó fi í sílẹ̀ pátápátá. Orí ọ̀pá ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì ní ihò álẹ́ǹ kíì: wàá fi kíì di ọ̀pá mú, wàá fi sípánà olórùka tú nọ́ọ̀tì. Má ṣe fi púláyà di ibi tó ń dán lára ọ̀pá náà mú. Ojú ọgbẹ́ tí eyín púláyà bá dá sí i ló máa ya síìlì, ọ́ìlì á sì máa jò.

Ọlọ́kọ̀Pupa:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yá irin ìfún-sípíríǹgì méjì, ìkọ́ wọn pé, wọn ò wọ́. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì wá ńkọ́? Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀.

Rọ́bàÀtiIrin:
Pààrọ̀ wọn pọ̀. Sípíríǹgì tó kúrú máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ kò ní lè kápá rẹ̀. Ọkọ̀ á máa jó lójú ọ̀nà. Tí ṣọ́ọ̀kì bá sì wá kú lẹ́yìn náà, gbogbo iṣẹ́ tó o ṣe yìí lo tún máa tú palẹ̀.

TáyàMẹ́rin:
Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Mìlímítà 35 kò pọ̀. Bí ọ́ìlì kò bá jò lára ṣọ́ọ̀kì, tí ojú táyà kò jẹ ní kòtò-kòtò, tí ọkọ̀ kò sì máa fò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn tó bá gun gegele, ṣọ́ọ̀kì yẹn ṣì wúlò.

ÌyáGíà:
Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí Ọlọ́kọ̀Pupa fi ṣèpinnu ni ààyè tí ṣọ́ọ̀kì ní láti wọlé. Rọ́bà kan wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní bump stop. Òun ló máa ń gba ọkọ̀ dúró nígbà tí táyà bá gbéra sókè gan-an. Ká ní ààyè mìlímítà 70 ló wà kí ṣọ́ọ̀kì tó dé orí rọ́bà yìí nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. O wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní 35: ìdajì ti lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń mú sípíríǹgì kúkúrú le, kó má baà máa tètè dé orí rọ́bà. Ìdí nìyí náà tí ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn kan fi máa ń sọ pé kí a gé bump stop ní ìwọ̀n kan. Bí ìwé tìrẹ bá ní kó o gé e, gé e ní ìwọ̀n tó sọ gẹ́lẹ́. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, má fi ọ̀bẹ kàn án. Má sì yọ ọ́ dànù láéláé, torí irin á bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin nínú ṣọ́ọ̀kì.

Ohun mìíràn tó o máa yẹ̀ wò nìyí. Nígbà tó o bá to ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tuntun pọ̀ tán, tó o sì ti tú irin ìfún-sípíríǹgì kúrò, jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ jáde dé òpin. Ṣé sípíríǹgì ṣì há láàárín ìjókòó òkè àti ti ìsàlẹ̀? Bó bá ń mì, tó lè yí kúrò láyè rẹ̀, ó kúrú jù fún ṣọ́ọ̀kì yẹn, ṣọ́ọ̀kì tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú lo nílò. Pẹ̀lú 35, kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Èrò tèmi: bí ṣọ́ọ̀kì rẹ bá ti rin ọ̀nà tó jìn, pààrọ̀ wọn ní méjì-méjì, iwájú pọ̀, ẹ̀yìn pọ̀. Bí wọn ò bá tíì gbó, fi wọ́n sílẹ̀, àmọ́ fi máúǹtìn àti bíárìn tuntun sí iwájú. Ìgbà tí wọ́n bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí ló rọrùn jù láti pààrọ̀ wọn.

Ṣẹ̀ṣẹ̀Dé:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ṣé kò rọrùn jù kéèyàn kàn gé sípíríǹgì tó wà lára ọkọ̀ kúrú? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní wọ́n lè fi iná sun ún kó fi wálẹ̀.

ÀgbàỌ̀nà:
Rárá o, àbúrò mi. Iná tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ máa ń ba líle tí wọ́n fi sínú irin náà jẹ́. Ibi tí iná bá dé á rọ̀, á máa wálẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè kán nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ní ti gígé, ojú orí sípíríǹgì tí wọ́n ṣe kó lè bá ìjókòó rẹ̀ mu lo gé sọnù yẹn. Sípíríǹgì tó ní òrùka mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́, bí o bá gé ọ̀kan, ó fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún le sí i, láìsí ẹni tó wọ̀n ọ́n bóyá ṣọ́ọ̀kì rẹ lè gbà á. Tí o bá sì fi jáàkì gbé ọkọ̀, tí táyà sọ̀ kalẹ̀, ó lè já bọ́ láyè rẹ̀.

Nígbà tí mo ti wà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ tó bá lọ sílẹ̀ jù kì í di kọ́nà mú dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ṣọ́ọ̀kì iwájú tí Ọlọ́kọ̀Pupa ní yìí, MacPherson ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé apá ìsàlẹ̀, irin tó di họ́ọ̀bù (ibi tí táyà so mọ́) mú, yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kí orí rẹ̀ tó wà lẹ́bàá táyà rẹlẹ̀ díẹ̀. Bó o bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ títí orí yẹn fi ga ju ìdí rẹ̀ lọ, ojúkò tí ara ọkọ̀ ń yí lé lórí á lọ sílẹ̀ ju bí ojúkò ìwúwo ọkọ̀ ṣe lọ sílẹ̀ lọ, ọkọ̀ á sì fẹ́ máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá nínú kọ́nà. Sípíríǹgì tó le ló ń bo àléébù yẹn mọ́lẹ̀. 30 sí 35 dára fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kí o tó lọ jù bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ wo apá ìsàlẹ̀ yẹn.

IléSípánà:
Ó dáa, ó yá ká wọnú iṣẹ́. Iwájú nìyí.

Fún epo tí ń tú ìpẹtà sí gbogbo bọ́ọ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kó o tó fi jáàkì kan ọkọ̀, wọ̀n láti àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ inú táyà á da ìṣirò rẹ rú. Wàá rí ìwúlò nọ́ńbà yìí láìpẹ́.

Fi nǹkan dá táyà ẹ̀yìn dúró níwájú àti lẹ́yìn, gbé iwájú sókè, kó o fi sítáǹdì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Jáàkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Bí sítáǹdì bá ti gba ọkọ̀, tì í díẹ̀ kó o rí i pé kò mì, kó o tó yọ táyà.

Tú línkéèjì sítẹ̀bìláísà (irin tó so apá ọ̀tún àti òsì pọ̀) lápá méjèèjì, kódà bó jẹ́ apá kan ṣoṣo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí apá kejì bá ṣì so, irin yẹn á máa bá ọ jà. Tú wáyà sẹ́ńsọ̀ àti páìpù rọ́bà bíréèkì kúrò níbi tí wọ́n gbé so mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Bọ́ọ̀tì ńlá méjì ló sábà máa ń so ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mọ́ họ́ọ̀bù: fi nǹkan tó mú fa ìlà yí orí wọn ká, kí ìlà náà kọjá sára irin ṣọ́ọ̀kì, torí pé ibi tí wọ́n wà gan-an ló ń pinnu bí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta lókè. Tí wọ́n bá jáde tán, fi okùn wáyà so họ́ọ̀bù mọ́ nǹkan tó lágbára. Má jẹ́ kó fi páìpù bíréèkì rọ̀, má sì jẹ́ kó ṣubú síta kó fa ọ̀pá táyà yọ láti inú gíà bọ́ọ̀sì. Ìgbà yìí ni kó o tó tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta òkè, pẹ̀lú ọwọ́ kan lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì, torí ó wúwo.

Parí apá kan pátápátá kó o tó tú ìkejì palẹ̀. Bó o bá gbàgbé bí nǹkan kan ṣe kọjú, apá kejì wà níbẹ̀ tó o máa wò.

Nígbà tó o bá ń tò ó padà: kíyè sí ẹnu sípíríǹgì nísàlẹ̀, ibi tí òrùka ti parí. Ìjókòó ìsàlẹ̀ ní ìdènà kékeré kan, ẹnu sípíríǹgì gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára sípíríǹgì sábà máa ń ṣeé kà nígbà tó bá dúró bó ṣe yẹ. Bí lẹ́tà bá dojú bolẹ̀, tún ìwé ìtọ́nisọ́nà kà kó o tó tẹ̀ síwájú. Nọ́ọ̀tì tó ní ìdádúró nínú, tuntun ni kó o fi sí i. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ rẹ ni kó o fi sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn bí o ṣe mú nọ́ọ̀tì le tó, mú gbogbo rẹ̀ le.

ÌyáGíà:
IléSípánà, mo bẹ̀ ọ́, dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kó tó fi sípánà tọ́ọ̀kì mú ohunkóhun le, ọ̀rọ̀ búṣì rọ́bà wà, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀.

Ọlọ́kọ̀Pupa, fara balẹ̀ ka èyí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe é nílé ti máa ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Búṣì apá ìsàlẹ̀ kì í yí bí bíárìn ṣe ń yí. Rọ́bà náà lẹ̀ mọ́ irin tó wà nínú rẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ irin tó wà níta. Bọ́ọ̀tì tó o bá mú le ló ń di irin inú mọ́lẹ̀. Látìgbà náà lọ, tí apá bá gòkè tàbí tó sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ló ń lọ́. Ó dáa, bí o bá mú bọ́ọ̀tì yẹn le nígbà tí táyà ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ibẹ̀ lo sọ pé kí rọ́bà máa sinmi sí. Gbàrà tí o bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó ti lọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe máa wà lójoojúmọ́ títí tó fi máa ya. Ọkọ̀ á tún ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ á sì rò pé sípíríǹgì ni kò dáa.

Ọ̀nà tí mo ń gbà nìyí. Ká ní nọ́ńbà tó o kọ sílẹ̀ níwájú jẹ́ mìlímítà 380. Ọkọ̀ máa wálẹ̀ ní 35, nítorí náà 345 ni ibi tuntun. Fi jáàkì gbé apá náà láti abẹ́ rẹ̀ títí tí àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà á fi jẹ́ 345, tí sítáǹdì ṣì gbé ọkọ̀ dání, tí ọwọ́ rẹ sì jìnnà sí ibi tó lè ká a mọ́. Ìgbà yẹn ni kó o mú bọ́ọ̀tì búṣì le. Bí ọkọ̀ bá fúyẹ́ débi tó fi ń gbéra kúrò lórí sítáǹdì kó tó dé 345, dáwọ́ dúró. Gbé ọkọ̀ sórí òkè kékeré tí wọ́n ń wa ọkọ̀ gùn, kí ìwúwo rẹ̀ wà lórí táyà, kó o ṣe é níbẹ̀.

Kódà bí o kò bá tú apá ìsàlẹ̀ rárá, mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n dẹ bọ́ọ̀tì búṣì rẹ̀, kí wọ́n sì tún mú un le ní gíga tuntun. Apá tó gùn tó mìlímítà 350, bí ọkọ̀ bá wálẹ̀ ní 35, á yí tó dígírì mẹ́fà. Rọ́bà á máa gbé dígírì mẹ́fà yẹn rù lásán.

IléSípánà:
Mo gbà, mà. Ẹ ṣeun.

TáyàMẹ́rin:
Ti ẹ̀yìn kò gùn. Gbé ẹ̀yìn sórí sítáǹdì, fi jáàkì sábẹ́ igi tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì lápá méjèèjì, kó o wá sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ kò gbọ́dọ̀ kúrò lára páìpù bíréèkì, wáyà sẹ́ńsọ̀ àti wáyà bíréèkì ọwọ́. Sípíríǹgì á dẹ̀, wàá fi ọwọ́ gbé e jáde. Rọ́bà ìjókòó òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń bọ̀ sára tuntun. Bí ọkọ̀ rẹ bá ní ọ̀pá kékeré kan tí ń sọ fún iná iwájú bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe ga tó, kọ́kọ́ tú u, má ṣẹ́ ẹ. Bọ́ọ̀tì ṣọ́ọ̀kì náà, ìlànà ÌyáGíà ni: gíga tuntun kó o tó mú un le.

Ọlọ́kọ̀Pupa:
Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ti parí, ọkọ̀ sì rẹwà lójú. Gbogbo wíwọ̀n bá ohun tí páálí sọ mu, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí méjì. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Mo pààrọ̀ máúǹtìn iwájú méjèèjì, àmọ́ bíárìn apá òsì tí mo rà kò bá a mu, nítorí náà ti àtijọ́ ló padà sí i. Ní báyìí, tí mo bá ń yí sitíárìn nígbà tí ọkọ̀ dúró, nǹkan kan ń dún gbòn-ùn lápá òsì, ó sì ń fò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

IléSípánà:
Jẹ́ kí ẹnì kan máa yí sitíárìn lọ sọ́tùn-ún sósì, ìwọ fi ìka kan kan sípíríǹgì náà láti òkè táyà. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, bíréèkì ọwọ́ wà lókè, ìka rẹ kò sì gbọ́dọ̀ há sáàárín òrùka. Sípíríǹgì yẹ kó bá táyà yí wẹ́rẹ́. Bó bá kọ́kọ́ dúró, tó wá já lójijì pẹ̀lú ìró yẹn, bíárìn ló gan: ó ń di sípíríǹgì mú títí tí agbára á fi borí rẹ̀. Bí bíárìn bá ń yí dáadáa, ẹnu sípíríǹgì ni kò dé ìdí ìdènà.

Ọlọ́kọ̀Pupa:
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe, ó dúró, ó já. Bíárìn ni. Mo ti rí èyí tó bá a mu, mo sì ti fi sí i. Ìró náà ti lọ pátápátá. Ṣé mo lè máa gbé e lọ síbi tó bá wù mí báyìí?

Rọ́bàÀtiIrin:
Ibi àláínmẹ́ǹtì ni kó o kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí ọkọ̀ ṣe wálẹ̀, bí iwájú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra ti yí padà, ìyẹn ló sì ń jẹ táyà kíákíá, ju bí táyà ṣe tẹ̀ sínú lókè lọ. Má ṣe dúró pé kí sípíríǹgì jókòó fún oṣù kan. Ṣe é báyìí, kó o tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí sípíríǹgì bá ti jókòó tán. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, tún fi sípánà tọ́ọ̀kì kan nọ́ọ̀tì táyà.

ÌyáGíà:
Iná iwájú náà. Bí iwájú bá wálẹ̀ ní 35 tí ẹ̀yìn wálẹ̀ ní 30, iná ti ń wo ilẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wálẹ̀ jù, ojú àwọn tó ń bọ̀ níwájú lò ń tàn án sí. Ní kí wọ́n tún un tò níbi àláínmẹ́ǹtì. Bí ọkọ̀ rẹ bá ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tí ń wo ìlà ojú ọ̀nà, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó nílò àtúntò. Kó o sì sọ fún àwọn adójútòfò rẹ pé o ti pààrọ̀ sípíríǹgì.

ÀgbàỌ̀nà:
Má sì da sípíríǹgì àtijọ́ nù. Kọ "iwájú ọ̀tún", "iwájú òsì" sára wọn, torí nínú ọkọ̀ mìíràn wọn kì í dọ́gba. Pa ọ́ìlì sí wọn lára, kó o wé wọn mọ́ ọ̀rá. Bó o bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń bọ̀ wá rà á lè fẹ́ kó ga bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.